Lẹ́tà ṣíṣí sí ìgbìmọ̀ ìdíje géèmù ìjà ní Kubwa: ẹ fa òfin "ẹ̀ẹ̀mẹta" yẹn ya

Sí Alága àti gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ìdíje géèmù ìjà fún àwọn ọmọ Yorùbá ní Kubwa,

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú wàhálà àwọn ọmọ, ẹ kú ìnáwó epo jẹnẹrétọ̀. Mo mọ̀ pé kò sí ẹni tó ń sanwó iṣẹ́ yìí fún yín. Ìkíni mi mọ síbẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ pọ̀.

Ní Sátidé tó kọjá, ẹ yọ ọmọkùnrin ẹni ọdún 17 kan kúrò nínú ìdíje nígbà tó ku ìjà kan ṣoṣo kó dé àṣekágbá. Ẹ ní ó ṣe òjóró. Òjóró wo? Ẹ ní ó lo ìkọlù kan náà ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ. Òfin tí ẹ fi dá a lẹ́bi wà lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, mo sì ti fi fóònù mi yà á: "Ẹnikẹ́ni tó bá lo ìkọlù kan náà ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ léraléra yóò pàdánù ráùǹdì. Bó bá tún ṣe é, a ó yọ ọ́ kúrò." Ẹnìkan nínú yín wá fi bírò pupa kọ òwe sí ìsàlẹ̀ rẹ̀: "Ọ̀nà kan ò wọ ọjà."

A ó padà sórí òwe yẹn.

Ẹ mọ̀ mí dáadáa. Èmi ni mo ń tún pádì ṣe, ohun tí a ń fọwọ́ mú fi gbá géèmù, ọ̀pọ̀ nínú pádì tí ẹ fi ṣe ìdíje ló sì ti gba ọwọ́ mi kọjá. Kí ẹnikẹ́ni má baà sọ lẹ́yìn ọ̀la pé mo fi nǹkan pamọ́: ọ̀dọ̀ mi ni ọmọ tí ẹ yọ yìí ti ń kọ́ṣẹ́. Ẹni mi ni. Bí ẹ bá ní ìyẹn ló ń mú mi sọ̀rọ̀, ẹ ò jìnnà sí òótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ka ohun tí mo kọ tán ná, kí ẹ wá fi ọwọ́ lé ibi tí mo ti parọ́.

Fún ẹ̀yin òǹkàwé tí ẹ kò sí níbẹ̀, Street Fighter 6 ni wọ́n ń gbá. Ọmọ yìí mú Guile, sójà Amẹ́ríkà tí irun orí rẹ̀ dúró ṣánṣán bí ìgbálẹ̀. Ẹnìkejì mú Ken, oníjà mìíràn nínú géèmù náà. Iṣẹ́ Guile kò pọ̀. Ó máa ń ju òkò afẹ́fẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Sonic Boom. Bí o bá fò sókè kí òkò náà lè gba abẹ́ rẹ kọjá, á tàkìtì, á fi ẹsẹ̀ gbá ọ ní àgbọ̀n kí o tó balẹ̀. Iṣẹ́ tó ń ṣe láti ọdún 1991 nìyẹn, nígbà tí Capcom gbé Street Fighter II jáde. Ó ti lé ní 30 ọdún, kò tíì rí ìdí tó fi yẹ kó kọ́ iṣẹ́ mìíràn.

Ọmọ yìí ju òkò. Ken fò. Ẹsẹ̀ bà á. Ó tún ju òkò, Ken tún fò, ẹsẹ̀ tún bà á. Nígbà tó di ẹ̀kẹta, ẹ̀rín ti gba gbogbo yàrá; bàbá Hausa kan tó kàn dúró lẹ́nu ọ̀nà láti fi fẹ́ atẹ́gùn pariwo "Haba!", ó sì fa àga jókòó. Rẹfirí yín ti dìde ní tirẹ̀, ó ń fi ìka kà á. Bí òkò kẹrin ṣe jáde báyìí, ó na ọwọ́ rẹ̀ bo ojú tẹlifíṣọ̀n. Bí ráùǹdì yẹn ṣe parí nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni ò tíì tán nínú géèmù o, àtẹ́lẹwọ́ ló parí rẹ̀. Ní ráùǹdì kejì ó tún bò ó. Ọmọ náà rọra gbé pádì kalẹ̀ sórí ẹní, ó nu àtẹ́lẹwọ́ mọ́ ṣòkòtò, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ìta ló ti wá bá mi. Ó ní, "Ọ̀gá, nígbà tó ń fò yẹn, kí ni ẹ fẹ́ kí n ṣe?"

Mi ò rí èsì fún un. Ẹ̀yin ni mo wá gbé ìbéèrè náà fún.

1. Rẹfirí yín kò mọ ohun tó ń kà.

Ọ̀kan nínú àwọn òǹwòran fi fóònù ká ìjà náà. Mo wò ó, mo dá a dúró, mo dá a padà, mo tún wò ó. Òkò mẹ́rin tí rẹfirí fi ìka kà kì í ṣe òkò kan náà. Bọ́tìnì ẹ̀ṣẹ́ mẹ́ta ló wà nínú géèmù yìí: fẹ́ẹ́rẹ́, àárín, àti líle. Bí o bá fi ti fẹ́ẹ́rẹ́ ju Sonic Boom, á máa lọ jẹ́jẹ́, tó bẹ́ẹ̀ tí Guile fúnra rẹ̀ lè máa rìn tẹ̀lé e lẹ́yìn bí ẹni tó ń da ẹran lọ. Bí o bá fi ti líle jù ú, á yára bí ọta. Ẹni tí òkò jẹ́jẹ́ ń bọ̀ wá bá kò gbọdọ̀ ṣe ohun tí ẹni tí òkò yíyára ń bọ̀ wá bá ń ṣe. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn, méjì lọ jẹ́jẹ́, ọ̀kan wà láàárín, ọ̀kan yára. Ìṣirò Ken sì ń dàrú ní gbogbo ìgbà nítorí pé wọn ò dọ́gba. Ọgbọ́n nìyẹn.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ òfin yín fúnra rẹ̀. Ẹ ní "léraléra." Ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n ni òkò, tàkìtì, òkò, tàkìtì, òkò, tàkìtì, òkò. Léraléra dà níbẹ̀? Bí ènìyàn bá jẹ iyán, tó mu omi, tó tún jẹ iyán, tó tún mu omi, ẹ ò ní sọ pé omi ló mu léraléra. Nínú òfin tí ẹ̀yin fúnra yín kọ, ọmọ yìí kò ṣẹ̀.

Nígbà àṣekágbá ńkọ́? Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, ọmọ dáadáa ni ẹni tó gba ìdíje náà. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀ kan náà ló fi parí ráùǹdì tó kẹ́yìn. Ó lóṣòó, ó ń ta ẹsẹ̀ sí ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, márùn-ún tẹ̀léra, kò sí tàkìtì láàárín rẹ̀. Rẹfirí yín ń pàtẹ́wọ́ ni. Bóyá ẹsẹ̀ kékeré kò ká a lára bí òkò ṣe ká a lára. Òfin tó jẹ́ pé ojú rẹfirí ló ń pinnu èyí tó ká a lára ti kúrò ní òfin.

Tí a bá sì fẹ́ tẹ̀ lé e dé góńgó, ẹ ó ní láti lé ó kéré tán ẹni mẹ́ta nínú àwọn tó wà nínú Street Fighter II kúrò níbẹ̀. E. Honda, oníjàkadì sumo yẹn, bí o bá fẹ́ kó na ọwọ́ ọgọ́rùn-ún rẹ̀, o ní láti máa tẹ bọ́tìnì ẹ̀ṣẹ́ kíákíá láìdáwọ́dúró. Ẹsẹ̀ mànàmáná Chun-Li náà, bẹ́ẹ̀ náà ni. Iná tó máa ń jáde lára Blanka, bẹ́ẹ̀ náà ni. Àwọn tó ṣe géèmù ló ní kí a tẹ̀ ẹ́ ní àtẹ̀túntẹ̀. Lójú òfin yín, Honda ti jẹ̀bi kó tó jáde nílé.

2. Ohun tó bá ní èsì kì í ṣe òjóró.

Ibí ni ọ̀rọ̀ mi dá lé, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á.

Kí ènìyàn máa lo ìkọlù kan náà ní àlòtúnlò, àwọn ọmọ ń pè é ní spam. "Ó ń spam mi, ó ń spam mi." Igbe yìí ni mo ń gbọ́ ní ṣọ́ọ̀bù mi láti àárọ̀ títí iná á fi lọ. Mi ò sọ pé kì í bí ni nínú. Ó ń bí ni nínú gan-an. Nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́ girama ní Ìlọrin, ilé géèmù kan wà ládùúgbò wa tí wọ́n ti ń gbá Tekken 3 lórí PlayStation àkọ́kọ́. Mo gbà pé mo mọ̀ ọ́n gbá. Ọmọbìnrin kan, àbúrò ẹni tó ni ibẹ̀, á mú Eddy Gordo, ọmọ Brazil tó ń ja capoeira, á gbé pádì lé itan, á wá máa fi àtàǹpàkò tẹ bọ́tìnì ẹsẹ̀ méjèèjì bí ẹni ń lọ ata lórí ọlọ. Kò tilẹ̀ ń wo tẹlifíṣọ̀n nígbà mìíràn. Ó ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó nà mí lẹ́ẹ̀marùn-ún. Mo sọ pádì mọ́lẹ̀, mo pariwo pé òjóró ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò mí, ó ní kí n gbé pádì, kí n wò ó bóyá ó ya, ó tún ní: "Bó bá jẹ́ òjóró, ìwọ náà kúkú ní bọ́tìnì méjèèjì lọ́wọ́."

Mo lọ sílé, mi ò sùn. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń wo Eddy nìkan. Mo rí i pé ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ lókè orí, bí o bá lóṣòó, á gba òkè rẹ kọjá. Mo rí i pé bó bá ti ta ẹsẹ̀ tó kẹ́yìn nínú ọ̀wọ́ kan, ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń wà lófìfo díẹ̀. Mo padà lọ, mo nà án. Ó rẹ́rìn-ín, ó mú ẹlòmíràn, ó tún nà mí, ṣùgbọ́n ìtàn mìíràn nìyẹn. Bí ẹ bá ti wà ní Ìlọrin nígbà náà pẹ̀lú bírò pupa yín, èmi ì bá ṣì máa pariwo òjóró títí di òní, mi ò ní mọ géèmù kankan gbá.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sọ́dọ̀ Guile. Guile kì í kàn ju òkò bó ṣe wù ú. O ní láti kọ́kọ́ fa ọfà, ìyẹn bọ́tìnì ìdarí lórí pádì, sẹ́yìn, kí o dì í mú fún ìgbà díẹ̀, kí o tó tì í síwájú pẹ̀lú ẹ̀ṣẹ́. Ìyẹn ni pé bó bá ti ń rìn bọ̀ wá bá ọ, kò ní òkò lọ́wọ́ lásìkò yẹn. Géèmù yìí ń sáré ní àwòrán 60, tí wọ́n ń pè ní fírémù, láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, nínú fírémù wọ̀nyẹn ni àyè wà fún ẹni tó bá lajú. Èsì tí Ken ní kì í ṣe ọ̀kan. Ó lè dúró kó ṣe gáàdì, kó sì máa sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀. Ó lè tẹ ìgbèjà kan tí wọ́n ń pè ní Drive Parry. Bí òkò bá bá a nígbà tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, agbára ni òkò náà á tún fi kún un, òkò ọ̀tá á di oúnjẹ fún un. Ó lè tẹ Drive Impact, kí ara rẹ̀ gba òkò náà mọ́ra, kó gba inú rẹ̀ já. Ken fúnra rẹ̀ ní Hadouken, kí òun náà jù ú, kí òkò pàdé òkò láàárín, kí méjèèjì pòórá. Ó tilẹ̀ lè fò náà, bó bá fò kí òkò tó jáde, tí kò dúró dìgbà tó bá ti rí i.

Èsì márùn-ún nìyẹn, mi ò sì tíì parí. Ọmọ tí ẹ gbè lẹ́yìn lo ẹyọ kan, ó fò sókè lẹ́yìn tí ó ti pẹ́, lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ gbọ́ o: òun náà ṣe ohun kan náà lẹ́ẹ̀mẹta léraléra! Òun ni kò sí nǹkan kan láàárín tirẹ̀. Bó bá jẹ́ àṣetúnṣe ni ẹ̀ṣẹ̀, àwọn méjèèjì ló ṣẹ̀. Ìyàtọ̀ wọn kò ju pé ti ẹnìkan ń ṣiṣẹ́, ti ẹnìkejì kò ṣiṣẹ́.

3. Ẹ̀rí tó wà lórí tábìlì mi.

Bí mo bá tú pádì, rọ́bà tó wà lábẹ́ bọ́tìnì máa ń jẹ́wọ́ fún mi. Ẹni tó bá ń tẹ bọ́tìnì kan ṣoṣo bí aláìnírònú, rọ́bà bọ́tìnì yẹn ló máa kọ́kọ́ rọ, á pẹlẹbẹ, kò ní ta padà mọ́. Lọ́jọ́ Àìkú mo tú pádì ọmọ yìí. Rọ́bà ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ ṣì le dáadáa. Èyí tó ti jẹ ni ti ọfà òsì àti ọfà ọ̀tún, níbi tó ti ń fà sẹ́yìn dúró, tó ń retí. Pádì ẹni tó ní sùúrù nìyẹn.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ẹnìkejì náà gbé pádì tirẹ̀ wá fún àtúnṣe. Kò mọ̀ pé mo ń kọ lẹ́tà. Ọfà òkè ló ti bàjẹ́.

Mo ṣe é fún un, mi ò gba owó iṣẹ́. Mo sì sọ fún un pé kó yé fò.

4. Òwe yín, àti ìjà tó wà nílé.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ni òwe yẹn ń bá wí níbí? Ẹni tí wọ́n dí ọ̀nà mọ́ ni a máa ń pa á fún, pé kó gba ibòmíràn. Kò sí ẹni tó dí ọ̀nà mọ́ ọmọ yìí. Ó ń gba ojú ọ̀nà tó là sílẹ̀, ó ń dé ọjà, ó ń rajà, ó ń padà sílé. Ken ni ọ̀nà rẹ̀ dí tí kò wá òmíràn. Ara rẹ̀ ló yẹ kí ẹ lẹ bébà yẹn mọ́.

Ẹ jẹ́ ká fi géèmù sílẹ̀ díẹ̀. Nínú ayò tiwa, ihò 12, ọmọ ayò 48, ẹni tó mọ̀ ọ́n ta là ń pè ní ọ̀ta, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ni ọ̀pẹ. Bí ọ̀ta bá rí i pé ọ̀pẹ kò rí ihò kan báyìí, ihò yẹn ni á ti máa jẹ ẹ́ títí. Àwọn tó dúró ti ọpọ́n á máa bú ọ̀pẹ, wọ́n á máa fi í ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n á ní kó lajú. Mi ò tíì rí ibi tí bàbá àgbà ti na ọwọ́ bo ọpọ́n pé ọ̀ta ti jẹ níhò yẹn ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ.

Bí ẹ bá sì ní ayò kì í ṣe ìjà, ẹ wọ mọ́tò lọ sí Dei-Dei níhìn-ín, kí ẹ lọ wo dambe. Àwọn ará Hausa tó ni ìjà yìí, ọwọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fi aṣọ àti okùn dì. Ọwọ́ yẹn ni ọ̀kọ̀, ọwọ́ kejì tó ṣófo ni asà. Ráùǹdì mẹ́ta ni wọ́n máa ń jà, ẹni tó bá sì kan ilẹ̀, wọ́n ní wọ́n ti pa á. Ọwọ́ kan náà ni ẹni yìí ń jù láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin, gbogbo ayé ló sì mọ ọwọ́ tó ń bọ̀. Èyí tó ń dùn mọ́ ni nínú rẹ̀ gan-an nìyẹn: o mọ ọwọ́ tó ń bọ̀, o ò mọ ìgbà tó máa dé. Bí rẹfirí yín bá bọ́ sí àárín agbo dambe lọ ka ọwọ́ ẹnìkan pé ó ti di mẹ́rin, ẹ̀yin ni ẹ ó lọ gbé e wálé.

5. Àwọn tó ṣáájú wa ti jà sórí ọ̀rọ̀ yìí.

Àwọn tó ń ṣe géèmù ìjà ti pẹ́ tí wọ́n ti ń rò ó, inú géèmù ni wọ́n sì fi ìdáhùn sí. Nínú Super Smash Bros. Ultimate tí Nintendo gbé jáde ní 2018, géèmù náà ń rántí ìkọlù 9 tó kẹ́yìn tó ba ọ̀tá. Èyí tí o bá ń tún lò á máa rẹ̀wẹ̀sì, ìpalára rẹ̀ á máa dín kù. Killer Instinct ti 1994 fún ẹni tí wọ́n ń lù ní ọ̀nà tó lè fi já ọ̀wọ́ ìkọlù náà láàárín. Skullgirls ti 2012 ní ojú tó ń ṣọ́ni: bó bá rí i pé o ti ń yí lójú kan náà, á ṣí ilẹ̀kùn fún ẹni tí o há mọ́ kó jáde. Street Fighter 6 tí ẹ ń lò náà, bí ẹnìkan bá so ìkọlù pọ̀ mọ́ra, agbára àwọn tó bá kẹ́yìn máa ń dín kù. Kò sí èyí tó nílò àtẹ́lẹwọ́ ènìyàn lójú tẹlifíṣọ̀n.

Mo gbà pé àwọn ìdíje ńlá máa ń fi nǹkan ṣe èèwọ̀. Nínú Super Street Fighter II Turbo, 1994, Akuma wà níbẹ̀ tó ń ju òkò láti òfuurufú, àwọn yòókù kò sì ní èsì gidi fún un. Wọ́n fi í ṣe èèwọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣe é: wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má mú un rárá. Wọn ò ní kí a mú un, kí a má sì jù ú ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ. Èèwọ̀ tó yé tọmọdé tàgbà nìyẹn. Guile kò dà bí Akuma. Èsì márùn-ún ni mo kà fún yín lókè.

Ẹ tún wá rántí Evo, ìdíje tó bẹ̀rẹ̀ ní California ní 1996 kó tó wá máa jẹ́ Evo ní 2002. Ní 2004, Daigo Umehara ará Japan mú Ken, Justin Wong ará Amẹ́ríkà mú Chun-Li, nínú Street Fighter III: 3rd Strike. Ẹ̀jẹ̀ Ken ti kù bíńtín, tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé bó tilẹ̀ ṣe gáàdì, ìwọ̀nba tó máa ń gba inú gáàdì wọlé á pa á. Chun-Li tú ẹsẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ lẹ́yìn ẹsẹ̀. Daigo gbá gbogbo wọn dànù níkọ̀ọ̀kan, 15, ó sì dá èsì padà, ó na Chun-Li ní ráùǹdì yẹn. Títí di òní, fídíò yẹn ni wọ́n fi ń mú ènìyàn wọ inú géèmù ìjà. Bó bá jẹ́ rẹfirí yín ló wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ kẹrin ni ì bá bo tẹlifíṣọ̀n.

6. Ohun tí òfin yìí ti ń bàjẹ́.

Láti Sátidé, àwọn ọmọ tó ń wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ti kọ́ èdè tuntun. Bí wọ́n bá ti na ẹnìkan, á ju pádì, á ní "ẹ̀ẹ̀mẹta!", á fa wáyà yọ. Lánàá, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ gíláàsì mi lórí kíkà yìí. Tẹ́lẹ̀, ẹni tí wọ́n bá nà á béèrè pé, "Báwo lo ṣe ṣe é?" Ìbéèrè yẹn ni mo fi mọ ẹni tó máa dára.

Mo ti gbọ́ àwíjàre yín pé ọmọdé ni wọ́n, pé àwọn òǹwòran fẹ́ rí ìjà tó dùn-ún wò. Ti òǹwòran, ẹ̀rín tí mo gbọ́ ní Sátidé kò jọ ti ẹni tí nǹkan sú. Bí ẹ bá fẹ́ ẹwà, ẹ yọ owó díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ráùǹdì tó bá dára jù, kí àwọn òǹwòran dìbò. Èmi fúnra mi á dá owó sí i. Ti ọmọdé, ẹ jẹ́ kí n rán yín létí Arslan Ash. Ọmọ Pakistan ni, ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti ka àwọn òṣèré Tekken sí nǹkan kan nígbà náà. Ní 2019 ó gba Evo Japan, ó tún lọ sí Las Vegas ó gba Evo tibẹ̀, Tekken 7, ọdún kan náà. Bí ọmọ Kubwa kan bá máa jáde lọ́jọ́ kan, àwọn tó máa bá pàdé níta kò ní ka ẹ̀ẹ̀mẹta fún un.

7. Àṣetúnṣe tó yẹ kí ẹ máa lé kiri.

Bọ́tìnì kan wà lẹ́yìn àwọn pádì kan tí wọ́n ń pè ní turbo. Bí o bá ti tàn án, o kàn máa di bọ́tìnì mú ni, pádì fúnra rẹ̀ á máa tẹ̀ ẹ́ fún ọ, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ọwọ́ ènìyàn kò lè bá a dọ́gba. Àwọn ìdíje ńlá kì í gbà á láyè. Ní Sátidé, pádì méjì tó ní turbo wọ yàrá yín, wọ́n sì lò ó. Ẹnikẹ́ni nínú yín kò yẹ ẹ̀yìn pádì kan wò. Báwo ni mo ṣe mọ̀? Ọ̀kan nínú méjèèjì, èmi ni mo tà á. Mo ti jẹ́wọ́, ẹ má wulẹ̀ wá a kiri. Ẹ fi òjóró gidi sílẹ̀ lábẹ́ imú yín, ẹ lọ mú ọmọ tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́.

Ohun tí mo ń béèrè rèé, mo sì fẹ́ èsì kí oṣù yìí tó parí:

Ẹ yọ bébà yẹn kúrò lára ògiri, kí ẹ sì kéde lójú gbogbo ènìyàn, níbi tí ẹ ti yọ ọmọ náà, pé òfin ẹ̀ẹ̀mẹta ti kú.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n tún ìjà yẹn jà, Guile àti Ken, láti ráùǹdì tí ọwọ́ ti bo tẹlifíṣọ̀n. Bí ẹni tó gba ẹ̀bùn kò bá fẹ́ jà mọ́, mi ò ní kí ẹ gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ dá 2,000 náírà tí ọmọ yìí fi forúkọ sílẹ̀ padà fún un.

Ẹ kọ òfin turbo, kí ẹnìkan máa yẹ pádì wò lẹ́nu ọ̀nà. Bí ẹ ò bá rí ẹni tó mọ̀ ọ́n, ẹ pè mí. Mi ò ní gba owó.

Ẹ wá rẹfirí tó ń gbá géèmù náà fúnra rẹ̀. Èyí tí ẹ ní yẹn, ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, ó mọ bọ́ọ̀lù. Ẹ fi í síbi bọ́ọ̀lù.

Ẹ tún jẹ́ kí ẹni tí wọ́n bá nà lẹ́ẹ̀kan ní àyè kejì lọ́nà ìsàlẹ̀, bí wọ́n ti ń ṣe ní Evo, kó lè lọ kọ́ èsì ohun tí wọ́n fi nà án, kó sì padà wá bá ẹni náà lọ́jọ́ kan náà.

Mo ti pààrọ̀ rọ́bà ọfà méjèèjì nínú pádì ọmọ náà. Ó wà lórí tábìlì mi, mo fi ọ̀rá wé e. Ọjọ́ tí ẹ bá dá ni a ó gbé e wá.

Èmi ni tiyín,
Atúnpádìṣe, Kubwa, Abuja.